Ta Ló Sọ fún Kernel Pé Inú VM Ló Wà?

Ẹ kú àpéjọ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìbéèrè tí wọ́n ní kí n wá dáhùn lónìí kò gùn rárá: tí kọ̀ǹpútà bá ń tàn bọ̀, báwo ni kernel, ìyẹn ètò tó ń darí gbogbo ohun èlò inú rẹ̀, ṣe ń mọ̀ pé orí ẹ̀rọ gidi kọ́ ni òun wà, pé inú virtual machine (VM), kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ètò ṣe, ni wọ́n fi òun sí? Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni kernel ń ṣe níbẹ̀, pé ó ń fi ọgbọ́n tú àṣírí. Èmi ò rí i bẹ́ẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, kernel kì í tú àṣírí kankan. Ó ń béèrè ni, wọ́n sì ń dá a lóhùn. Ẹni tó ń dá a lóhùn náà sì ni hypervisor, ètò tó ń gbé VM ró, ìyẹn ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn gan-an. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí òun ló máa sọ ohun tí kernel lè fi ìdáhùn yẹn ṣe àti ohun tí kò yẹ kó fi ṣe.

Mo máa pe ẹ̀rọ tó gba VM sínú ní onílé, mo máa pe kernel tó wà nínú VM ní àlejò. Hypervisor ló wà láàárín àwọn méjèèjì, òun ló ń pín CPU, mẹ́mórì àti díìsìkì fún àlejò.

Nígbà tí iṣẹ́ yìí ṣì wà ní kékeré, ohun tí wọ́n ń lépa ni pé kí àlejò má tilẹ̀ mọ̀. Ní 1974, Gerald Popek àti Robert Goldberg tẹ àlàyé kan jáde tí àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ṣì ń tọ́ka sí dòní. Wọ́n ní ètò tó bá wà nínú VM gbọ́dọ̀ máa hùwà bó ṣe máa hùwà lórí ẹ̀rọ gidi. Ohun méjì péré ni wọ́n yọ sílẹ̀: bí nǹkan ṣe ń pẹ́ tó, àti bí ohun èlò tó wà nílẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Kí èyí tó lè ṣeé ṣe, gbogbo ìtọ́ni tó lè fi ipò ẹ̀rọ hàn tàbí tó lè yí i padà gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èyí tí hypervisor lè gbá mú bí àlejò bá ti fẹ́ lò ó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n yọ sílẹ̀ yẹn, ọ̀rọ̀ àsìkò. A ṣì máa padà sórí rẹ̀.

CPU x86, irú èyí tí Intel àti AMD ń ṣe, kò tẹ̀ lé òfin yìí rárá nígbà náà. Ní 2000, John Scott Robin àti Cynthia Irvine yẹ Pentium wò, wọ́n sì rí ìtọ́ni 17 tó tàpá sí i. Ọ̀kan nínú wọn ni SIDT. Iṣẹ́ SIDT ni láti sọ ibi tí tábìlì interrupt, ìyẹn ìpè tí ohun èlò fi ń dá CPU dúró, wà nínú mẹ́mórì. Nígbà yẹn, ètò èyíkéyìí ló lè pè é, àní ètò tí kò ní àṣẹ kankan, hypervisor kò sì ní gbọ́ nǹkan kan. Ó kàn jẹ́ pé tábìlì tirẹ̀ ni hypervisor ayé ìgbà náà gbé kalẹ̀ fún CPU, ibi tó sì gbé e sí yàtọ̀ sí ibi tí Windows tàbí Linux máa ń gbé tiwọn sí. Ní 2004, Joanna Rutkowska gbé ètò kékeré kan jáde tó pè ní Red Pill, tí gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kó pe SIDT lẹ́ẹ̀kan lọ: tí báìtì tó ga jù nínú àdírẹ́sì náà bá ju 0xd0 lọ, inú VM lo wà.

Ó wu èèyàn, àbí? Àmọ́ kò pẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ fi rọ. Lórí ẹ̀rọ tó ní CPU púpọ̀, CPU kọ̀ọ̀kan lè ní tábìlì tirẹ̀, nítorí náà àdírẹ́sì tó o máa rí sinmi lórí CPU tó bọ́ sí ọ lọ́wọ́. Nígbà tí Intel gbé VT-x jáde ní 2005, tí AMD sì tẹ̀ lé e ní 2006, ọ̀rọ̀ náà parí pátápátá: àlejò ti ní rẹ́jísítà (àyè kékeré inú CPU) tirẹ̀, ohun tó kọ síbẹ̀ náà ni SIDT máa kà fún un.

Ohun tó rọ́pò gbogbo ìyẹn rọrùn débi pé ó fẹ́ẹ̀ jáni kulẹ̀. Ìtọ́ni kan wà tó ń jẹ́ CPUID, tí iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí CPU ròyìn ara rẹ̀. O fi nọ́ńbà sínú rẹ́jísítà EAX, o pe CPUID, èsì á sì jáde nínú EAX, EBX, ECX àti EDX. Lábẹ́ VT-x, kò sí ìgbà tí àlejò máa pe CPUID tí CPU kò ní já kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ bá hypervisor. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn, kò ṣeé pa. Hypervisor ló máa kọ ìdáhùn sínú rẹ́jísítà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kó tó jẹ́ kí àlejò máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Intel àti AMD sì ti fi bíìtì kan sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ yìí: tí o bá fi 1 sínú EAX, bíìtì 31 nínú ECX máa jẹ́ òdo lórí CPU gidi nígbà gbogbo. Hypervisor tó bá fẹ́ kí àlejò mọ̀ á sọ ọ́ di 1. Òun náà ni ọ̀rọ̀ “hypervisor” tẹ́ ẹ máa ń rí láàárín àwọn flags inú /proc/cpuinfo, fáìlì tí Linux fi ń ròyìn CPU.

Bíìtì yẹn kò sọ orúkọ. Tí kernel bá ti rí i, ó tún máa béèrè lẹ́ẹ̀kan sí i, lọ́tẹ̀ yìí pẹ̀lú 0x40000000 nínú EAX. Ẹ jẹ́ ká wo èsì tí KVM, hypervisor inú Linux, máa ń dá padà. EBX máa gbé 0x4b4d564b, ECX máa gbé 0x564b4d56, EDX máa gbé 0x0000004d. Ẹ ka báìtì wọn láti ẹ̀yìn wá síwájú, bí x86 ṣe máa ń tò wọ́n. Nínú EBX, 4b ni K, 56 ni V, 4d ni M, 4b sì tún ni K. ECX máa fún wa ní V, M, K, V. EDX máa fi M kan kún un, òdo mẹ́ta á sì tẹ̀ lé e. Ẹ so wọ́n pọ̀: KVMKVMKVM. Nínú àwọn hypervisor mìíràn, VMware máa kọ VMwareVMware síbẹ̀, Xen máa kọ XenVMMXenVMM, Hyper-V máa kọ Microsoft Hv. Àyè báìtì 12 ló wà, oníkálukú sì fi orúkọ ara rẹ̀ kún un bó ṣe lè kún. EAX náà kò wá lásán, ó ń sọ nọ́ńbà tó ga jù tí àlejò tún lè fi béèrè ọ̀rọ̀ nínú ìlà yẹn.

Nínú Linux, fáìlì tó ń jẹ́ hypervisor.c ni iṣẹ́ yìí wà fún x86. Ó ní àkójọ àwọn hypervisor tó mọ̀, ó sì máa ń bi wọ́n léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan bóyá ilé wọn nìyí. Èsì kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Nọ́ńbà ni oníkálukú ń dá padà, ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ bá ga jù ló ni àlejò. Kí ló fà á? Ó ṣẹlẹ̀ pé ilé kan lè jẹ́ orúkọ méjì. Windows mọ èdè Hyper-V dáadáa, ara rẹ̀ sì máa ń yá sí i tó bá rí i. Torí náà KVM lè ṣe bí Hyper-V fún un, kó fi orúkọ Microsoft sí 0x40000000, kó wá sún orúkọ ara rẹ̀ sí 0x40000100. Linux mọ ọgbọ́n yìí. Ó máa ń rìn láti 0x40000000 títí dé etí 0x40010000, ó ń fo 0x100 lẹ́ẹ̀kan, títí á fi bá orúkọ tó ń wá. Ìlà kan ni gbogbo rẹ̀ máa yọrí sí lójú dmesg, àkọsílẹ̀ kernel: “Hypervisor detected: KVM”. Ti Windows tún lárinrin ju ìyẹn lọ, torí kò fi bẹ́ẹ̀ bìkítà nípa orúkọ. Ọ̀rọ̀ mìíràn ló ń wá ní 0x40000001, ìyẹn “Hv#1”, tó túmọ̀ sí pé ẹni yìí gbọ́ èdè Hyper-V. Ẹni tó bá gbọ́ èdè náà lè pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹni yòówù kó jẹ́.

Ó dáa. Kí ni kernel ń fi ìmọ̀ yìí ṣe? Tí mo bá ní kí n mú ohun kan ṣoṣo, àsìkò ni máa mú. CPU x86 ní òǹkà kan tó ń jẹ́ TSC, tó ń gòkè láìdúró. Kernel ní láti mọ bó ṣe ń yára gòkè tó, kó tó lè fi í mọ iye sẹ́kọ́ńdì tó ti kọjá. Ọ̀nà àtijọ́ ni pé kí ó mú aago mìíràn tó mọ ìwọ̀n rẹ̀, irú bíi PIT, kó ní kí ó ka mílísẹ́kọ́ńdì 10 tàbí 50, kó sì wo ibi tí TSC bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó dé. Lórí ẹ̀rọ gidi, kò sí wàhálà. Nínú VM, hypervisor lè gba CPU lọ́wọ́ àlejò láàárín ìwọ̀n yẹn gan-an, kó gbé e fún VM mìíràn, kó tó dá a padà. Àlejò kò mọ̀ pé òun sùn. Ohun tó máa rí kò ju pé òǹkà ti fò, á sì fi ìwọ̀n òdì ṣe aago. Nígbà tí kernel ṣì ń ka àsìkò nípa kíka interrupt aago ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ náà tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: interrupt tó bá sọnù, àsìkò ló sọnù yẹn, aago àlejò á wá máa rẹ̀yìn sí ti gbogbo ayé.

Tí kernel bá ti mọ̀ pé lọ́dọ̀ KVM ni òun wà, kò ní wọn nǹkan kan mọ́. Á ya ojú ewé mẹ́mórì kan sọ́tọ̀, á kọ àdírẹ́sì rẹ̀ sínú rẹ́jísítà àkànṣe kan (MSR) tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 0x4b564d01, ìyẹn ni pé “KVM, ibí yìí ni kó o máa kọ àsìkò sí fún mi.” Ẹ wo nọ́ńbà MSR náà dáadáa: 4b, 56, 4d. KVM náà ni, wọ́n tún fọwọ́ sí i níbẹ̀. Onílé á kọ iye tí TSC wà, àsìkò tó bá a mu, àti nọ́ńbà tí àlejò máa fi sọ òǹkà di nanosẹ́kọ́ńdì. Níwájú wọn, nọ́ńbà kan wà tó ń jẹ́ version. Tí onílé bá fẹ́ kọ nǹkan tuntun, á kọ́kọ́ sọ ọ́ di nọ́ńbà tí kò ṣeé pín sí méjì. Tó bá kọ ọ́ tán, á sọ ọ́ di èyí tó ṣeé pín. Àlejò á ka version, á ka ìyókù, á tún ka version. Tó bá yí padà láàárín, tàbí tó jẹ́ èyí tí kò ṣeé pín, onílé ṣì ń kọ̀wé lọ́wọ́ nìyẹn, àlejò á sì tún un kà. Kò sí àgádágodo kankan níbẹ̀, kò sì sí pé àlejò ń ké sí hypervisor. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an ni, ká má parọ́.

Irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ náà ló bí steal time, tẹ́ ẹ máa ń rí ní “st” nínú top, ètò tó ń fi bí CPU ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn. Òun ni iye àsìkò tí àlejò fẹ́ ṣiṣẹ́ tí CPU kò sì sí lọ́wọ́ rẹ̀. Àlejò fúnra rẹ̀ kò lè ka oorun tó sùn, onílé ló ń kà á, tó ń kọ ọ́ fún un.

Àgádágodo tí mo dárúkọ yẹn náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Spinlock inú Linux òde òní, àgádágodo tí kì í jẹ́ kí CPU méjì jọ fọwọ́ kan nǹkan kan náà, jẹ́ èyí tí àwọn CPU máa ń tò fún, ẹni tó kọ́kọ́ dé ló kọ́kọ́ gbà. Ó dáa lórí ẹ̀rọ gidi. Nínú VM, ẹni tí ipò kàn lè jẹ́ vCPU (CPU tí wọ́n pín fún àlejò) tí hypervisor ti fi sùn. Gbogbo àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á máa yí lórí òfo, wọ́n á máa jẹ CPU, torí wọn kò lè kọjá lára rẹ̀. Nítorí náà, tí hypervisor bá ní ọ̀nà láti jí vCPU tó sùn, Linux á lo àgádágodo tó mọ ọ̀nà yẹn. Tí kò bá ní, tó kàn jẹ́ bíìtì 31 nìkan ló rí, ó máa padà sí irú èyí tí ẹni tó bá rí i gbà ní í gbà á, kò sí tító. Ẹ wo bí bíìtì kan ṣe yí ìwà kernel padà. FreeBSD, kernel mìíràn, náà ní tirẹ̀: lórí ẹ̀rọ gidi, aago inú rẹ̀ ń lù ní ìgbà 1000 láàárín sẹ́kọ́ńdì kan, tó bá sì mọ̀ pé inú VM lòun wà, ó máa dín in kù sí 100.

Àwọn ìlẹ̀kùn mìíràn wà, mi ò ní pẹ́ lórí wọn. VMware ní port kan, 0x5658, tí àlejò lè kàn tó bá gbé 0x564D5868 sínú EAX. Nọ́ńbà kejì yẹn náà jẹ́ lẹ́tà tí wọ́n fi pamọ́, VMXh. Tábìlì SMBIOS, tó ń ròyìn ẹ̀rọ fún kernel, lè gbé orúkọ QEMU tàbí VirtualBox, àwọn ètò tó ń ṣe VM. Ẹ̀rọ PCI tó bá ń jẹ́ 1af4 sábà máa ń jẹ́ virtio, irú ohun èlò tí wọ́n ṣe fún VM. Lórí ARM, kò sí bíìtì 31. Xen lè fi node kan tó ń jẹ́ hypervisor sínú device tree, àkójọ ohun èlò tí wọ́n ń fún kernel, tàbí kí kernel béèrè nípasẹ̀ ìpè SMCCC. Lórí ẹ̀rọ IBM Z, ìtọ́ni STSI ló máa sọ ọ́, ó sì máa sọ iye ìpele tó wà lábẹ́ àlejò pẹ̀lú, torí pé lọ́dọ̀ wọn VM kì í ṣe ohun àjèjì láti ayé VM/370 ní 1972. Lójú tèmi, tiwọn ló mọ́ jù.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sórí ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́, torí gbogbo ohun tí mo ti kà sílẹ̀ yìí, àgbọ́sọ ni. Àwọn tó kọ Linux mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kóòdù kan wà níbẹ̀ tó ń yẹ microcode, ètò inú CPU Intel, wò, láti mọ̀ bóyá ọ̀kan nínú àwọn tó bàjẹ́ nígbà wàhálà àléébù ààbò CPU tí wọ́n pè ní Spectre ni. Tó bá rí i pé inú VM lòun wà, kò ní yẹ̀ ẹ́ wò rárá. Ìdí tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé hypervisor máa ń parọ́ nípa nọ́ńbà yẹn, kí àwọn kàn máa retí pé èyí tó dáa ló wà nílẹ̀. Ẹ tún lọ wo fáìlì srbds (orúkọ àìsàn CPU mìíràn) lábẹ́ /sys/devices/system/cpu/vulnerabilities nínú VM tí CPU rẹ̀ ní àìsàn náà, ohun tẹ́ ẹ lè bá níbẹ̀ ni “Unknown: Dependent on hypervisor status”. Kernel ń sọ fún yín tààrà pé òun ò mọ̀, ẹ lọ bi onílé.

Bí onílé ṣe lè parọ́ pé nǹkan kan wà, bẹ́ẹ̀ náà ló lè dákẹ́. Nínú QEMU, kvm=off máa pa orúkọ KVM rẹ́, tí ẹ bá sì yọ hypervisor kúrò lára CPU, bíìtì 31 á di òdo. Àwọn èèyàn lo èyí púpọ̀ nígbà tí awakọ̀ GeForce ti NVIDIA, ìyẹn ètò tó ń darí káàdì àwòrán wọn, ṣì máa ń kọ̀ láti ṣiṣẹ́ nínú VM, kó tó di pé ilé iṣẹ́ náà gbà á láyè ní 2021. Ẹ má rò pé ọ̀fẹ́ ni o. Àlejò tí ẹ bá fi irú èyí tàn jẹ máa pàdánù aago KVM àti steal time, gbogbo ìrànlọ́wọ́ tó yẹ kó rí gbà ló ti bá a lọ.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ tipátipá ṣì lè mọ̀. Ka TSC, pe CPUID, tún ka TSC. Lórí ẹ̀rọ gidi, ìyàtọ̀ rẹ̀ sábà máa ń wà ní ọgọ́rùn-ún mélòó kan. Nínú VM, ó máa ń ju ẹgbẹ̀rún lọ, torí CPU ní láti lọ bá hypervisor kó tún padà. Àwọn tó ń kọ kòkòrò kọ̀ǹpútà mọ èyí dáadáa, kí kòkòrò wọn lè gbé jẹ́ẹ́ tó bá ti fura pé inú VM àwọn olùṣèwádìí lòun wà. Hypervisor lè yí òǹkà TSC, ṣùgbọ́n aago mìíràn ṣì wà, àti ti inú nẹ́tíwọ́ọ̀kì pẹ̀lú. Ní 2007, Tal Garfinkel, Keith Adams, Andrew Warfield àti Jason Franklin ṣàlàyé pé VM tí ẹnikẹ́ni kò ní lè dá mọ̀ kò ṣeé ṣe, kò sì yẹ kí wọ́n máa lépa rẹ̀. Popek àti Goldberg ti fi àyè yẹn sílẹ̀ ní 1974, ẹ rántí. Síbẹ̀, Linux àti FreeBSD kì í fi ọgbọ́n yìí dán hypervisor wò. Wọn kò bá a jà, ìrànlọ́wọ́ ni wọ́n ń wá.

Ẹnì kan lè bi mí pé kí ló dé tí Windows orí láptọ́ọ̀pù òun ń sọ pé hypervisor wà, nígbà tí òun ò ṣí VM kankan. Òótọ́ ló ń sọ. Tí Hyper-V tàbí ààbò tó sinmi lé e bá ti wà lójú iṣẹ́, Windows yẹn fúnra rẹ̀ ti gun orí hypervisor, àmọ́ òun ni àlejò tí wọ́n fún ní kọ́kọ́rọ́ ilé. Dom0, VM tó ń ṣàkóso Xen, náà bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí systemd-detect-virt, ètò tó ń sọ bóyá inú VM lo wà, fi máa ń kọ “none” fún un.

Níbi tí gbogbo èyí ti wá ń le ni ti àwọn VM tí kò fọkàn tán onílé rárá, irú èyí tí Intel TDX àti AMD SEV-SNP ń dáàbò bò. Níbẹ̀, mẹ́mórì àlejò wà ní ìpàrokò, onílé kò lè kà á. Kí ni àǹfààní kí o ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹnì kan, kó o tún wá gba gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ gbọ́? Nínú TDX, tí kernel bá fi 0x21 béèrè lọ́wọ́ CPUID, hypervisor kọ́ ló máa dáhùn. Módù TDX tí Intel fọwọ́ sí ló máa kọ IntelTDX síbẹ̀. Àwọn ìbéèrè CPUID tí módù náà kò bá dáhùn fúnra rẹ̀ kò ní lọ bá hypervisor ní ìkọ̀kọ̀ mọ́. Wọ́n á padà wá bá kernel àlejò bí àṣìṣe, òun ló máa pinnu bóyá òun máa bi onílé léèrè. Nínú SEV-SNP, hypervisor ló ṣì ń to èsì CPUID sílẹ̀, ṣùgbọ́n prósẹ́sọ̀ ààbò AMD máa yẹ̀ ẹ́ wò kí àlejò tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ti àsìkò pàápàá ti yí padà: TDX ti so ìyára TSC mọ́lẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti dá VM náà sílẹ̀, onílé kò sì lè fọwọ́ kàn án mọ́.

Ohun tí kò sí nínú àdéhùn TDX ni pé àlejò máa rí CPU lò. Hypervisor ṣì lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ nígbàkigbà tó bá wù ú, tí àlejò bá sì fẹ́ mọ bí oorun tó sùn ṣe gùn tó, ẹnu onílé náà ló ṣì máa ti gbọ́ ọ.